Ẹ Kọ́kọ́ Da Rìsíìtì Yín Sílẹ̀: Ayé Mi Nídìí Káàdì Àwìn

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì bi mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan pé iṣẹ́ wo gan-an ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Mo ní mo ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ó ní ṣé owó ni mo ń kà? Mo ní rárá. Ó ní ṣé èmi ni mò ń yá àwọn èèyàn lówó tí wọ́n fi ń ra ilé? Mo ní rárá. Nígbà tí mo wá sọ fún un pé ohun tí mo ṣe fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni pé mo máa ń bá èèyàn yan káàdì àwìn tó bá a mu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Daddy, so you were the app!" ló wí.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ó dùn mí díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, fún òun àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì, tí ẹ ò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa dì mú. Mi ò ní kí ẹ wá ṣe irú tèmi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo ti Ìbàdàn dé Maryland ní Amẹ́ríkà, mo ń bá wọn to mọ́tò níbi ìgbọ́kọ̀sí kan, ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì sì sọ fún mi pé báńkì alájẹṣẹ́kù kan nítòsí Suitland ń wá òṣìṣẹ́. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó ṣe fáàrí. Báńkì kékeré ni, àwọn tó fowó pamọ́ síbẹ̀ ló ni ín: tíṣà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. A ní káàdì àwìn mẹ́rin, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gba owó ọdún. Èyí já sí pé o kò ní san kọ́bọ̀ nítorí pé káàdì wà nínú àpò rẹ. Gbogbo wọn ló sì ń fúnni léènì, owó díẹ̀ tó ń padà sí ọ lọ́wọ́ nínú ohun tí o ná, bí ìgbà tí ọlọ́jà bá bu ẹ̀kún ọwọ́ kan lé ìrẹsì tí o ti rà. Ọ̀kan ń fún ni léènì púpọ̀ lórí oúnjẹ, ọ̀kan lórí epo mọ́tò, ọ̀kan lórí ilé oúnjẹ àti ìrìn àjò. Ẹ̀kẹrin kì í yan ohunkóhun láàyò, èènì kan náà ló ń fún ẹ lórí gbogbo nǹkan. Gbogbo iṣẹ́ mi kò ju pé kí n mọ èwo nínú mẹ́rin. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni à ń pè ní Miss Odessa. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, aláwọ̀ dúdú, District Heights ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé báyìí, gbogbo wa á tún jókòó dáadáa. Ó máa ń fi ṣéènì tín-ín-rín so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, orí awò yẹn náà ló sì ti máa ń wo èèyàn, bíi pé ó ti mọ irọ́ tí o fẹ́ pa, ó kàn ń dúró kí o pa á ni.

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwé tí a fi ń polówó káàdì. Ó tì wọ́n mọ́ inú dúrọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú àpò aṣọ rẹ̀. Ó ní tí káàdì bá ti wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ mọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pàá, ó da àpò ìwé ńlá kan sílẹ̀ níwájú mi. Rìsíìtì ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, ti oṣù mẹ́ta, ti òun fúnra rẹ̀.

"Wálé," ó ní, "sọ fún mi irú èèyàn tí mo jẹ́."

Mo ṣà wọ́n: oúnjẹ lọ́tọ̀, epo mọ́tò lọ́tọ̀, oògùn lọ́tọ̀, ìyókù lọ́tọ̀. Ó gbà mí ní gbogbo òwúrọ̀. Mo rí oúnjẹ ológbò, agolo agolo, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo wá fi ìgboyà sọ pé, "Ẹ fẹ́ràn ológbò, ma."

"Mi ò ní ológbò," ló fèsì. "Ti aládùúgbò mi ni, ìyá arúgbó kan tí kò lè jáde mọ́. Má fojú bù ú. Béèrè."

Ọ̀rọ̀ yẹn, "má fojú bù ú, béèrè," mo gbọ́ ọ títí ó fi ń bọ̀ wá bá mi lójú oorun. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní kí n da tèmi sílẹ̀. Ojú tì mí. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan níbẹ̀ ju búrẹ́dì, ẹyin, àti káàdì ìpè, àwọn páálí pélébé tí a fi ń pe ilé láyé ìgbà yẹn. Ìyàwó mi, Bísí, ṣì wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú ọmọ wa. Miss Odessa ka àwọn rìsíìtì káàdì ìpè náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Káàdì àwìn kọ́ ni ìwọ nílò," ó ní níkẹyìn. "Ìyàwó rẹ lo nílò."

Kí oṣù yẹn tó parí, òun ló bá mi wá ẹni tó mọ̀ nípa ìwé ìwọ̀lú, òun náà ló kọ lẹ́tà pé òṣìṣẹ́ gidi ni mí. Bísí dé kí ọdún tó yípo. Títí dòní, bí Bísí bá fẹ́ bínú sí mi, mo máa ń rán an létí pé rìsíìtì ló gbé e dé Amẹ́ríkà.

Ẹ̀kọ́ Miss Odessa kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í yọ̀ǹda ọ̀kan. Rìsíìtì kọ́kọ́, káàdì lẹ́yìn. Bí káàdì bá ń gba owó ọdún, èènì rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó yẹn padà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún ẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í sì í ná owó tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ní kí n máa sọ èyí tó burú ṣáájú èyí tó dára: ẹni tí kò bá lè san gbogbo ohun tó rà lópin oṣù, èlé á jẹ èènì rẹ̀ tán, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òun fúnra rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, a máa ń sọ fún un pé kó máa lọ, kó padà wá bí ọwọ́ rẹ̀ bá balẹ̀. Mo ti rí Miss Odessa tó lé oníbàárà padà báyìí, tó sì sìn ín dé ìdí mọ́tò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

Mo gbọ́njú nídìí iṣẹ́ náà. Orúkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láàárín àwọn ọmọ Yorùbá, láti ṣọ́ọ̀ṣì wa dé mọ́ṣáláṣí tó wà lójú títì kejì. "Ẹ lọ bá Brother Wálé ní báńkì alájẹṣẹ́kù." Inú mi máa ń dùn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni wàhálà mi wà, mi ò sì sọ ọ́ fún Miss Odessa. Bó bá jẹ́ Òyìnbó tàbí ọmọ ilẹ̀ yìí ló jókòó síwájú mi, kò sí ìṣòro, mo máa ní kó kó rìsíìtì rẹ̀ wá. Àmọ́ bó bá jẹ́ Yorùbá, tó tún jù mí lọ dáadáa, ẹnu mi á wúwo. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó tó bí mi lọ́mọ pé kó tú báàgì rẹ̀ sílẹ̀, kí n máa wo ohun tó jẹ àti oògùn tó lò? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo máa ń yí i ká, mo máa ń fojú bù ú, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì ń bọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ kan tí Miss Odessa wà ní ìsinmi ni Àlájà Múnírá wọlé. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún díẹ̀, ó pupa, ó rí pẹ̀lẹ́, ó wé ìborí aláwọ̀ ewé. District Heights ló ń gbé, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú. Láàárọ̀, á wa mọ́tò lọ sí Mitchellville lọ́dọ̀ bàbá kan. Lọ́sàn-án, á tún sáré dé Fort Washington lọ́dọ̀ ìyá kan tí ilé rẹ̀ wà létí odò. Gbogbo èyí ló sọ fún mi fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mo mi orí, mi ò sì ronú kan rẹpẹtẹ epo tí mọ́tò yẹn ń mu.

"Brother Wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo káàdì tó dáa," ó ní. "Not the one tí wọ́n máa ń charge every year yẹn o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ lọ rí ní Ọ̀yọ́."

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni òun nígbà tí ìyá wọn kú. Ẹ̀gbọ́n yìí, tí òun náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, ló gbé e pọ̀n, tó tọ́ ọ, tó fi í fọ́kọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọn ò tíì rí ara wọn. Ní báyìí, ojú ẹ̀gbọ́n náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, dókítà sì ti sọ pé kò sí ohun tó lè dá a dúró.

"The doctor said maybe one year, maybe small more," ni Àlájà wí. "She called me. Ó ní, 'Múnírá, wá kí n fi ojú mi rí ẹ kó tó ṣú.' Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tó sọ?"

Mo ní mo gbọ́ ọ. Ó ti ní èyí tó pọ̀ jù nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ tó kù ló ti ní ibi tó ń lọ, owó ilé àti owó ilé ìwé ọmọ. Èènì nìkan ni owó tí kò sí ẹni tó ń dúró dè é. Ó ti ṣírò rẹ̀ pé bí káàdì bá dáa, láàárín oṣù méje, kí tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n nígbà ìsinmi, òun á ti dé Ọ̀yọ́. Ìṣírò náà dáa. Èmi ni mi ò dáa.

Mo wo fọ́ọ̀mù tí Miss Odessa ṣe fún wa láti fi kọ ohun tí oníbàárà ń rà. Àyè rìsíìtì wà lókè pátápátá, ó ń wò mí. Mo wo ojú Àlájà. Mo wá ní, "Ma, oúnjẹ ni ẹ máa ń rà jù, àbí?"

"Ah, oúnjẹ kẹ̀! We eat o!" ó ní, a sì jọ rẹ́rìn-ín. Mo kọ "oúnjẹ" sí àyè náà, mo fún un ní káàdì oúnjẹ. Ó gbàdúrà fún mi títí dé ẹnu ọ̀nà.

Oṣù mọ́kànlá kọjá kó tó padà wá. Ó jókòó sétí àga bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀.

"Brother Wálé, ẹ má bínú o. This thing, it's like it's not really... àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò?"

Mo ṣí ìwé rẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀bùn ìbẹ̀rẹ̀ tí a ń fún oníbàárà tuntun ti wọlé. Ṣùgbọ́n èènì orí oúnjẹ, kò tó nǹkan. Ìgbà yẹn ni mo tó béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè láti oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn. Mo ní, "Ma, níbo lẹ ti ń ra oúnjẹ?"

"Níbo lẹ rò? African store ni now. Ibo ni mo ti fẹ́ rí iṣu?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Gbogbo ẹ̀rọ tí ṣọ́ọ̀bù fi ń gba káàdì ló ní nọ́ńbà kan tó ń sọ irú ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni káàdì ń wò, kì í wo iṣu. Ṣọ́ọ̀bù tí Àlájà ń ná, ẹrù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bá èèyàn fi báàrẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ sílé. Ìgbà tó yá ni wọ́n kó gàrí, epo pupa àti ẹran ewúrẹ́ dé, kò sì sẹ́ni tó rántí yí nọ́ńbà padà. Lójú káàdì, gbogbo iṣu tí Àlájà rà ní odidi ọdún, ẹrù ló ń fi ránṣẹ́. Gbogbo Yorùbá tí mo ti fún ní káàdì oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣe wọ́n, mi ò sì mọ̀, torí pé mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo ní, "Ma, kí ló dé tí ẹ ò tètè wá? Oṣù méje lẹ dá."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Mo rò pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mò ń yẹ̀ yín wò."

Oṣù mẹ́rin ló fi dúró, tó ń bọ̀wọ̀ fún mi, bí èmi náà ṣe bọ̀wọ̀ fún un. Láàárín ọ̀wọ̀ àwa méjèèjì, ojú obìnrin kan ń ṣú lọ ní Ọ̀yọ́.

Mo lọ bá Miss Odessa, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé á pariwo. Kò pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí ló dé tí mi ò béèrè. Mo ní àgbàlagbà ni, pé nílé wa, a kì í sọ pé kí àgbàlagbà tú báàgì.

"O bọ̀wọ̀ fún un débi pé o kò fẹ́ mọ ayé rẹ̀," ló wí. "Irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn, Wálé? Lọ bá a nílé. Má pè é lórí fóònù."

Ọjọ́ Sátidé ni èmi àti Bísí lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ Àlájà, mo ní ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti káàdì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dìde, dìde, kápẹ́ẹ̀tì yẹn dọ̀tí." Ó wọ yàrá, ó gbé àpò ọ̀rá ńlá kan jáde, ó sì tú u sórí tábìlì. Rìsíìtì ni. Ti gbogbo ọdún yẹn, kò sọ ọ̀kan nù.

"Bàbá tí mò ń tọ́jú ní Mitchellville, everything ló máa ń fẹ́ rí receipt," ó ní. "So I keep everything. Wálé, tó o bá ní kí n kó o wá, ṣé mi ò ní kó o wá ni?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí ní Wálé lásán, tó sì sọ pé "o". Ẹkún gbọ̀n mí. Ó yẹ kó bínú sí mi, ṣùgbọ́n ńṣe ló sọ mí di ọmọ.

Àwa mẹ́ta jókòó ṣà á títí di ìrọ̀lẹ́. Epo mọ́tò ga bí òkè. Ti ṣọ́ọ̀bù iṣu tẹ̀lé e. Lábẹ́ wọn, ìdì kékeré kan wà láti ilé oògùn, oṣooṣù, nǹkan kan náà. Mo mú ọ̀kan, mo ní, "Àlájà, kí lèyí?"

"Oògùn ojú ẹ̀gbọ́n mi ni. Eye drops. Kò lè dá a dúró, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ojú yẹn má ro ó jù. Mo máa ń fi rán ẹni tó bá ń lọ sílé."

Oṣù mọ́kànlá gbáko ni oògùn yẹn ti wà nínú báàgì rẹ̀, lójú mi, ní ìhà kejì tábìlì. Ká ní mo béèrè ni, ìdajì iṣẹ́jú ni mo máa fi mọ̀ pé káàdì kẹrin ló yẹ ẹ́, èyí tí kò bìkítà bóyá epo ni o rà tàbí iṣu tàbí oògùn.

Mo mú owó tó kù lórí tíkẹ́ẹ̀tì wá nínú àpò ìwé. Ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bísí ló ní, "Àlájà, ti ẹ̀gbọ́n yín ni, kì í ṣe tiyín," ló bá gbà á. Ṣùgbọ́n ìsinmi ti dé, ọkọ̀ òfuurufú ti kún. Oṣù kan ààbọ̀ ló tó rí àyè. Nígbà tí yóò fi dé Ọ̀yọ́, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ríran mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti ṣe ọ̀pọ̀ àṣìṣe nínú ayé mi, èyí ni mo máa ń rántí bí mo bá ń wẹ̀.

Nígbà tó padà dé, ó wá bá mi ní báńkì. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Wálé, gbọ́. Ó fi ọwọ́ kan gbogbo ojú mi, níwájú orí, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fi ọwọ́ wá gbogbo rẹ̀. Ó ní, 'Ah, Múnírá, o ti hunjọ o! Ó dáa bí mi ò ṣe rí i. Èyí tí mo mọ̀ ni mo ṣì ń rí.'" Àlájà rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí ìborí nu ojú. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo sunkún níbi tábìlì mi, níwájú àwọn tó wà lórí ìlà.

Nígbà tí mo dákẹ́, ó da àpò ọ̀rá kan sílẹ̀ níwájú mi. Rìsíìtì tuntun ni. "Mo kó wọn wá," ó ní, "kó o má baà bọ̀wọ̀ fún mi mọ́." Láti ìgbà yẹn, ọdọọdún ló ń kó wọn wá. Kì í tiẹ̀ kí mi kó tó dà á sílẹ̀.

Mo lọ bá oní ṣọ́ọ̀bù iṣu. Ó kọ́kọ́ rò pé owó orí ni mo wá gbà. Nígbà tó yé e, ó pe àwọn tó fún un ní ẹ̀rọ, ó pè wọ́n, ó pè wọ́n, wọ́n sì yí nọ́ńbà náà padà. Mo tún pe gbogbo ẹni tí mo ti fún ní káàdì lọ́nà yẹn, mo bẹ̀ wọ́n. Mo sì wá ọgbọ́n kan tí Miss Odessa kò kọ́ mi: bí àgbàlagbà bá jókòó síwájú mi, tèmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dà sílẹ̀. Wọ́n á máa fi súìtì tí mo rà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ṣé Bísí mọ̀, kí n tó mọ̀, tiwọn náà ti wà lórí tábìlì.

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Nígbà tí mo dé, ẹ̀rọ onírin kan wà tí a máa ń fà gbàràgàdà lórí káàdì kí nọ́ńbà rẹ̀ lè tẹ̀ sórí ìwé. Ó ti gé mi léèékánná rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà gba gbogbo tábìlì. Ní báyìí, inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà, á sọ fún ẹ pé káàdì yìí ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ta ló fún un ní ìràwọ̀? Ṣé ẹni yẹn mọ ibi tí o ti ń ra iṣu? Mi ò bá fóònù jà o, ó yára, ó sì mọ ìṣírò jù mí lọ. Ọjọ́ tí Miss Odessa fẹ̀yìn tì, ó fi kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ yẹn lé mi lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dúrọ́ọ̀ náà kò sí mọ́. Ó wà lára kọ́kọ́rọ́ ilé mi títí di òní.

Èmi náà fẹ̀yìn tì ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Àlájà kú lọ́dún tó kọjá. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kírun sí i lára. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ fún mi ní àpò ọ̀rá kan tó kún fún rìsíìtì, ó ní màmá òun ti kó o jọ fún mi.

Ní oṣù tó kọjá, mo lọ sí báńkì wa láti yí káàdì mi padà, torí káàdì epo kò wúlò fún ẹni tí kì í lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ọmọbìnrin kan ló wà nídìí tábìlì tó jẹ́ tèmi tẹ́lẹ̀. Ẹniọlá ni wọ́n kọ sí àyà rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ orúkọ mi, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn tábìlì.

"Good afternoon sir. Ẹ káàsán sir." Ohùn Maryland wà nínú Yorùbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ yẹn pé. Ó gbé ọwọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ náà sì dúró. "Sir, I can just pick one for you. You know this thing more than me, sir. I don't want to be asking you plenty questions."

Mo mọ ẹnu tó wúwo bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ni. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo yọ ọ̀rá mi, mo sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Má bọ̀wọ̀ fún mi, ọmọ mi," mo ní. "Béèrè."

Ó wò mí, ó wo rìsíìtì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má ya. Ó dé orí ti ilé oògùn, ó rí ọ̀kan, ó rí òmíràn, ó tò wọ́n jọ.

"Eye drops, every month," ó ní. "Sir, ṣé ojú yín ni?"

Mo ní rárá, ojú mi dá. Mo ní ti ìyá arúgbó kan ní Ọ̀yọ́ ni, ẹni tí mi ò rí rí láyé mi, tí òun náà kò sì lè rí mi. Àbúrò rẹ̀ ló máa ń rà á tẹ́lẹ̀, kó tó kú; èmi ni mo ń rà á báyìí.

Ẹniọlá ti kọ̀ǹpútà sẹ́yìn. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì, ó sì gbé ọwọ́ lé rìsíìtì náà.

"Kí lorúkọ àbúrò yẹn, sir?"